Bí A Ṣe Parí Ìjà Láíbìrì ní Ṣómólú

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Ṣómólú ni pé èmi àti àwọn ará ibẹ̀ ń sọ èdè kan náà, síbẹ̀ àlejò ni mo jẹ́ lójú wọn. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn bọ́dà, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé tí a sì ń fi Faransé kàwé. Mo ti rò ó lọ́kàn ara mi pé Èkó kò lè jẹ́ òkè òkun fún irú mi. Àmọ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ ra búrẹ́dì ládùúgbò, gbólóhùn kan péré ni obìnrin tó ń tà á gbọ́ lẹ́nu mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé ará Kùtọ̀nù ni mí. Mi ò gbé Kùtọ̀nù rí láyé mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ebi ń pa mí, àtìgbà náà ni gbogbo òpópónà ti ń pè mí ní Kùtọ̀nù.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé nígbà tó yá. Mo ní Kétu ni mo ti wá. Wọ́n ní ṣebí Kétu nìyẹn lọ́ọ̀ọ́kán, pé kí ló dé tí mi ò máa ti ilé wá síbi iṣẹ́. Wọ́n ní Kétu tiwọn l'Ékòó, ibi tí èèyàn lè wọkọ̀ dé kó tó mu omi tán. Mo jáwọ́ níbẹ̀.

Òkè ilé ìtẹ̀wé kan ni ọ́fíìsì wa wà. Nísàlẹ̀, wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ìsìnkú àti páálí bàtà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ tí a gbé tábìlì wa lé sì máa ń gbọ̀n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Orí fọ́ mi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Lẹ́yìn náà ó mọ́ mi lára débi pé nígbà tí wọ́n bá pa àwọn ẹ̀rọ náà lálẹ́, tí mo bá padà sí yàrá tí mo háyà ní Bàríga, ìdákẹ́jẹ́ ló ń dà mí láàmú. Màá jókòó sórí ibùsùn, màá máa rántí ilé tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ibi tí mo ti wá. Mo rò pé mo ṣàárò ilé ju bí mo ṣe jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́, òun ló sì gbé mi wá. Obìnrin tó gbà mí síṣẹ́ ń jẹ́ Àǹtí Bímpé, ọmọ Ọbáníkòró. Ìsàlẹ̀ ọ́fíìsì wa ni bàbá rẹ̀ ti tẹ̀wé títí ó fi darúgbó, òun sì gba òkè, ó ń ṣe sọ́fíwíà fún àwọn tó bá níṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ máa bá wọn ṣe. Èèyàn kúkúrú ni, kì í kánjú, kì í sì í pariwo. Ọjọ́ tí mo wá wáṣẹ́, kò béèrè ìdí tí mo fi kúrò nílé. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan tó ti dákú síwájú mi, ó ní kí n jí i, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ó jí, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Wọ́n ní àṣà kan ní ọ́fíìsì yẹn tí mo fẹ́ràn lójú ẹsẹ̀. Dátà wọ́n, nítorí náà ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá gbogbo wa kó sọ́fíwíà tuntun. Gbénga ni ẹni náà. Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní Akọka tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dára, ibẹ̀ ló ti ń kó gbogbo ẹ̀ sínú fíláàṣì kan, yóò wá gbé fíláàṣì náà láti tábìlì kan dé èkejì, kálukú á fi bọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Níbi tí mo ti kàwé, tara ẹni lèèyàn ń gbọ́. Bí Gbénga ṣe máa ń dúró lẹ́yìn mi tó ń bi mí bóyá ó ti wọlé tán, bí ẹni ń bu oúnjẹ féèyàn, wú mi lórí púpọ̀.

Lára àwọn tí a ń bá ṣiṣẹ́ ni àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà ní Bàríga. Wọ́n ti parapọ̀ kọ́ yàrá òtútù kan tí wọ́n ń kó ẹja sí kó má bàa bàjẹ́. Sólà àti bátìrì ló ń gbé e, jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́yìn fún ìgbà tí bátìrì bá rẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kékeré tí ọ́fíìsì wa ṣe, tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ló ń pinnu ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ máa tan, òun náà ló sì ń gba káàdì lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú láìsọ ohun tó pa á. Tó bá ti kú, jẹnẹrétọ̀ ò ní tan, bátìrì á tán, ẹja á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyá Ẹ̀bùn, tí í ṣe olórí wọn, gun àtẹ̀gùn wá bá wa. Ó gbé ike kan lé orí tábìlì Àǹtí Bímpé, ó ṣí i. Ẹja ọ̀bọ̀kún ni, ó ti jẹrà. Ó jẹ́ kí a gbóòórùn rẹ̀ dáadáa.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa ṣèpàdé. Tí kò bá tíì dáa nígbà yẹn, a ó ti yàrá yẹn pa, a ó sì padà sídìí yìnyín rírà. Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé ká tà á."

Àǹtí Bímpé tọrọ àforíjì, ó ní a máa wá ohun tó ń ṣe é rí. Ìyá Ẹ̀bùn béèrè ẹni tó máa bójú tó o. Àǹtí Bímpé nàka sí mi. Màmá náà yíjú, ó wò mí, ó ní, "Kùtọ̀nù yìí?" Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n mo wo ẹja yẹn, mo mọ̀ pé òógùn àwọn èèyàn ló ń rùn níbẹ̀, mo sì gbé ìbínú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ètò tó bá ń kú láìfọhùn, èèyàn kì í wò ó lójú lásán kó mọ ohun tó ń ṣe é. Irinṣẹ́ kan wà tí a fi ń tẹ̀ lé e nísẹ̀nísẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tó sì máa ń sọ ibi tó ti ṣubú gan-an. Mo ṣí irinṣẹ́ náà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Ó kọ̀. Ó ní òun ò lè bẹ̀rẹ̀, pé òun ò mọ láíbìrì tí òun bá níbẹ̀.

Láíbìrì tí mo ń wí yìí kì í ṣe ilé ìkàwé. Àkójọ àwọn iṣẹ́ kéékèèké ni, irú bíi ká ka nǹkan, ká tọ́jú nǹkan, ká kọ nǹkan sójú kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ètò jọ ń lò kí kálukú má bàa máa dá tirẹ̀ ṣe. Ó ní atọ́nà kan tó ń bá a rìn, òun ni irinṣẹ́ wa ń kà kó lè mọ̀nà. Ẹ̀yà kan náà gẹ́lẹ́, bí ìwé tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, láíbìrì ti di tuntun, atọ́nà ṣì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Mo wá atọ́nà tuntun, kò sí níbi tí kọ̀ǹpútà mi ti ń gba nǹkan. Mo ní kí n yọ láíbìrì tuntun náà kúrò, kọ̀ǹpútà kìlọ̀ fún mi pé gbogbo ohun tó dúró lé e lórí ló máa bá a lọ.

Mo lọ wo kọ̀ǹpútà àwọn yòókù. Bákan náà lọmọ ṣorí. Fíláàṣì kan náà ni gbogbo wa ti jẹ. Ọ̀rẹ́ Gbénga ní Akọka ti gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí ẹ̀yà tuntun, ohun tó bá ẹ̀yà yẹn mu ló sì kó sínú fíláàṣì, a wá kó o sórí kọ̀ǹpútà wa tó ṣì wà ní ẹ̀yà àtijọ́. Ìfẹ́ tí wọ́n fi ń pín nǹkan náà ló pín àìsàn náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa.

Gbénga kò rí i bíi bàbàrà. Ó ní, "Fọ́ọ̀sì ẹ̀ jàre. Yọ ọ́ dànù, kó o ki ti tẹ́lẹ̀ bọ̀ ọ́. No wàhálà." Ó ṣe é lórí tirẹ̀ kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò lè ka àṣẹ kankan mọ́, àní èyí tí à bá fi pa á pàápàá. Gbénga káwọ́ lérí, ó ń wò ó. Ó wá rọra sọ fún mi pé kí n má tíì sọ fún Àǹtí.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi pè láti Kétu. Télọ̀ ni, ó sì máa ń fẹ́ mọ ohun tí mo ń ṣe gan-an, torí àwọn aládùúgbò ń bi í, ó sì rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ pé mò ń tẹ nǹkan. Mo ṣàlàyé ìjà láíbìrì àti atọ́nà fún un. Ó ní ó ti ṣẹlẹ̀ sí òun rí. Wọ́n gbé aṣọ kan wá bá a tí wọ́n ti wọ̀n lára olówó rẹ̀ l'Ékòó, íǹṣì sì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà ni téèpù tirẹ̀. Ó ní ìwọ̀n wọn pé, téèpù tòun náà pé, àwọn méjèèjì ni ò kàn mọ ara wọn. Ó ní òun ò já nǹkan kan, òun lọ wá téèpù oníǹṣì ni. Ẹ̀rín pa mí. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá màá wá sílé fún ọdún, mo ní mi ò tíì mọ̀, ó ní kò burú. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Bímpé fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gbénga, tí àṣírí rẹ̀ ti tú, ní ká kúkú nu gbogbo ẹ̀ nù, ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àǹtí mi orí. Ó ní dátà tí ìyẹn máa jẹ kò mọ níwọ̀n, ọjọ́ tí a ní kò sì tó. Ó wá sọ ohun tí mi ò tíì gbàgbé. Ó ní, "Tá a bá nù ún nù, a ò ní mọ̀ bóyá ó sàn tàbí a kàn yí ojú kúrò lára ẹ̀."

Bí obìnrin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ó wù mí kí gbogbo ayé rí i. Ó kọ́kọ́ ní kí n da gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì kọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bi kọ̀ǹpútà léèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tó wà nínú rẹ̀ ti wá, èyí tó ti orísun rẹ̀ wá àti èyí tó ti fíláàṣì wá. Nígbà tó rí i, kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣe é bí eré ná, kó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí a bá dá láíbìrì padà, láìṣe é ní tòótọ́. Ó ní bàbá òun kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ ẹgbẹ̀rún bébà láìkọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan wò, kí oníṣẹ́ rí i kó sì buwọ́ lù ú.

Eré àkọ́kọ́ fi hàn pé ìdajì ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló máa lọ. Àǹtí fi ìka tọ́ka sí àwọn orúkọ kan lójú kọ̀ǹpútà, ó ní kí n wò ó pé láíbìrì náà kò dá wá, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kan bá a wá, àwọn ló sì dì í mú.

Ó ní, "Wọ́n jọ gòkè ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ jọ sọ̀ kalẹ̀."

Mo kọ àṣẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo dárúkọ gbogbo wọn pọ̀, mo sì fi ẹ̀yà tí a fẹ́ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A tún ṣe é bí eré. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ohun kankan tó máa kúrò, wọ́n kàn máa sọ̀ kalẹ̀ ni. Mo ti na ìka sí bọ́tìnnì nígbà tí Àǹtí dì mí lọ́wọ́ mú. Iná ìjọba wà, ṣùgbọ́n bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ò dáa, ó ní kí Gbénga lọ tan jẹnẹrétọ̀ ká sì bọ́ sórí ẹ̀, torí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yìí, bí ti Gbénga ni tèmi náà máa rí. Ọmọ Èkó ni. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́.

A jókòó, à ń wò ó bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Láíbìrì àti atọ́nà ti tẹ́lẹ̀ wá bára mu, kọ̀ǹpútà ò jiyàn mọ́. Mo ṣí irinṣẹ́ wa, ó ṣí. Inú mi dùn débi pé mo fi Faransé dúpẹ́. Àǹtí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dìde, ó lọ bá Gbénga jí tirẹ̀. Kò bá a wí. Ohun tó sọ kò ju pé láti ìsinsìnyí lọ, kọ̀ǹpútà kan la ó kọ́kọ́ fi tọ́ fíláàṣì wò kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Bí ó ṣe tún nǹkan ṣe láìfi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, mo kọ́ ọ ju gbogbo ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí mo gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ.

Irinṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, ètò yàrá òtútù ló wá kọ̀ láti kú. Lórí tábìlì mi, ó ṣe dáadáa bí ọmọ tí àlejò wà nílé rẹ̀. Mo fi káàdì kàn án, mo ṣí ilẹ̀kùn tí kò sí, mo tì í, kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ Ẹtì ti dé, ìpàdé ku ọ̀la. Mo kó láptọ́ọ̀pù sínú báàgì, mo gba Ìlàjẹ lọ.

Àwọn obìnrin ń yan ẹja lẹ́bàá omi, èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùn mú mi dé ìdí ẹ̀rọ náà, mo so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ ọn, mo jókòó sórí abọ́ ńlá kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Kò pẹ́ tí àwọn mẹ́ta fi dé pọ̀ láti wá kó ẹja. Wọn ò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni kìíní fi káàdì kàn án, ẹni kejì fi tirẹ̀ kàn án, ẹni kẹta náà fi tirẹ̀ kàn án, wọ́n sì jọ wọlé. Irinṣẹ́ mi ké. Ètò náà ti kú níwájú mi, ibi tó ti ṣubú sì wà kedere lójú kọ̀ǹpútà.

Ibi tí ètò náà ń tọ́jú káàdì kò gbà ju èèyàn méjì lọ, ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó wọlé kẹ́yìn. Káàdì kẹta kò rí àyè, ó lọ jókòó lé ibi tí a kọ agbára bátìrì sí, ètò náà ò sì mọ ohun tó ń kà mọ́. Mo bi Ìyá Ẹ̀bùn bóyá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. Ó ní, "Ta ló máa dá wọ ibi tí ẹja ẹlòmíràn wà?"

Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn. Bí wọ́n bá jọ wọlé, kò sẹ́ni tó máa fura sí ẹnì kejì rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rojọ́. Àwa tí a kọ ètò náà lókè ilé ìtẹ̀wé ti rò pé ẹnì kan ló máa ń ṣílẹ̀kùn, torí pé bí àwa ṣe ń ṣí tiwa nìyẹn. Ó wú mi lórí pé ìwà ọmọlúàbí wọn ló ń pa ẹ̀rọ wa.

Orí abọ́ yẹn ni mo jókòó sí tí mo fi tún un ṣe. Mo fún káàdì láyè tó pọ̀, mo sì ní kí ètò náà má gba ohun tó bá ju àyè rẹ̀ lọ. Mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Bímpé, ó kà á, ó pè mí, ó ní kí n gbé e sí i. Mo wá bẹ Ìyá Ẹ̀bùn pé kó pe gbogbo ẹni tó ní káàdì. Wọ́n dé tòun ti ọwọ́ tó kún fún ìpẹ́ ẹja, wọ́n tò, wọ́n ń fi káàdì kàn án léraléra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ti ara wọn. Ẹ̀rọ náà ò mira.

Mo lọ sí ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀ka èdè wọn ni wọ́n fi sọ púpọ̀ nínú rẹ̀, mo ń gbọ́ díẹ̀, mo ń pàdánù díẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùn ṣílẹ̀kùn yàrá òtútù, ó mú ẹja kan jáde, ó fi gbá ògiri, ó ti dì, ó dún bí igi. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ títà mọ́. Nígbà tí wọ́n tú ká, ó bá mi rìn dé ojú títì. Ó ní etíkun Oǹdó ni òun ti wá, pé nígbà tí òun kọ́kọ́ dé Bàríga, wọ́n máa ń sín òun jẹ tí òun bá la ẹnu. Mo bi í léèrè ìgbà tí wọ́n ṣíwọ́. Ó ní òun ò mọ̀, pé lọ́jọ́ kan òun kàn ṣàkíyèsí pé òun ò retí rẹ̀ mọ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Mo ti ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa sọ fún mi pé mo ti di ara wọn, bí ìgbà tí wọ́n ń fún èèyàn níwèé ẹ̀rí. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Gbénga ń bu ìpápánu sórí tábìlì mi láìbi mí. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ti mọ irú èyí tí mo ń rà. Mo ṣì ń fi Faransé ka nǹkan nínú ọkàn mi, ìyá mi sì ṣì ń béèrè nípa ọdún.

Ní òwúrọ̀ kan, oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, fóònù mi dún, mo rí orúkọ Ìyá Ẹ̀bùn. Kí n tó gbé e, mo ti fa báàgì láptọ́ọ̀pù mọ́ra, mo ti ń fi ẹsẹ̀ kan wá bàtà, mo ń ṣírò iye ẹja tó lè wà nínú yàrá yẹn.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ó tún ti kú ni?"

"Kí ló kú? Nǹkan ò ṣe é." Mo gbọ́ ariwo àwọn obìnrin yòókù lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín. "Ọbẹ̀ ti jinná. A ti jókòó, a ò rí ẹ. Ibo lo wà?"

Mo gbé báàgì náà kalẹ̀. Mo ní mo ti wà lójú ọ̀nà.